Ẹni tuntun ní búrò kíréédì kan ní Kétu, láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án

Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní búrò kékeré kan tó ń gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ọjà tó sì ń yá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lówó. Mi ò ní dárúkọ búrò náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ̀ pé mo fẹ́ kọ ọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́. Irú àwọn búrò báyìí ló máa ń pè mí tí wọ́n bá gba èèyàn tuntun tí nǹkan ò wá lọ bó ṣe yẹ, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ṣẹ́fù, ìyẹn ọ̀gá iṣẹ́, níbì kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí.

Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀ kí ẹni tuntun tó dé. Ṣẹ́fù, Tàǹtí tó ń jókòó sí kéèsì níbi tí wọ́n ti ń gbowó, òṣìṣẹ́ kíréédì mẹ́ta tó ń gun alùpùpù lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ní Idigny, Okpometa àtàwọn abúlé tó yí ìlú ká, àti Bàbá ọlọ́dẹ. Nínú àwọn mẹ́ta yẹn ọ̀kan ti pẹ́ níbẹ̀ ju ṣẹ́fù gan-an lọ, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe máa pè é. Òun ló mọ gbogbo ìyá ẹgbẹ́, ó mọ oko wọn, ó mọ ẹni tọ́kọ ẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tó ń gbé àgbàdo kọjá sí Ìlárá. Tí ìyá ẹgbẹ́ kan bá ṣòfò, òun lẹni tí búrò máa rán lọ kí i. Kò sẹ́ni tó fún un lóyè fún gbogbo ìyẹn, kò sì sí fáráńkì kan lórí ẹ̀, àmọ́ ká sọ tòótọ́, òun ló ń tẹ̀lé gbogbo gbèsè búrò yẹn.

Ẹni tuntun wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìṣirò owó ló kà, ó ti ṣe stáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́, ní Kútọnù, ó gbọ́ Fàránsé, ó gbọ́ Gun, Yorùbá Àjàṣẹ́ tó ń sọ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Kétu. Wọ́n gbà á pé kó máa mójú tó owó tó wà níta. Ipò tuntun ni, kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀ rí. Kọ̀ǹtírà ẹ̀, ìyẹn ìwé àdéhùn, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ àsìkò ìdánwò, tí inú wọn ò bá dùn sí i wọ́n lè ní kó máa lọ. Ẹ fi oṣù mẹ́ta yẹn sọ́kàn o, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀rù oṣù mẹ́ta yẹn ló ń lé e.

Ó dé lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù karùn-ún. Ṣẹ́fù kó gbogbo wọn jọ, ó fi Fàránsé sọ gbólóhùn méjì, pé arábìnrin wa rèé, òun lá máa tẹ̀lé kíréédì láti òní lọ, kí ẹ ràn án lọ́wọ́. Ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ṣẹ́fù gba Kútọnù lọ, níbi táwọn ọ̀gá àgbà wọn wà, fún ìpàdé, ọ̀sẹ̀ yẹn parí kó tó padà.

Gbólóhùn méjì yẹn ló bí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tóun ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n sì ń sanwó fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ kíréédì méjì tó kù gbọ́ pé Kútọnù rán ẹni tó máa ṣọ́ wọn wá. Tàǹtí sọ fún mi nígbà tó yá pé òun tiẹ̀ rò pé ṣẹ́fù ni wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n wá ń fi ọmọ yìí múra sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lókè kàn pinnu pé ní gbogbo búrò àwọn, ẹni tó ń yáni lówó ò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni yóò tún máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń san án padà. Ìlànà tó dáa ni, níbi tówó àwọn èèyàn bá wà kò yẹ kó jẹ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo lá máa wò ó. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn ní Kétu, àlàyé tí kò sí yẹn ni kálukú wá fi tiẹ̀ dí.

Wọ́n fún un ní tábìlì. Orí tábìlì yẹn náà ni Ẹ̀gbọ́n ń kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí, irú ìwé táwọn ọmọ iléèwé ń lò, wọ́n pọ̀, àwọn míì ti gbó. Ọmọbìnrin yìí ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó nu tábìlì, ó tò wọ́n dáadáa sínú páálí, ó gbé páálí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé láti abúlé tó rí i, kò sọ nǹkan kan, ó bu omi mu, ó kọrí sílé.

Ti ìkíni náà tún wà níbẹ̀. Láàárọ̀ á wọlé, á sọ "bonjour" lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ilé, á jókòó, á ṣí kọ̀ǹpútà. Níbi tó ti ṣe stáàjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i sí ìwà burúkú. Ní Kétu ńkọ́, Bàbá ọlọ́dẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, Tàǹtí náà tó ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ orí, wọ́n ń retí pé kó yà sọ́dọ̀ kálukú, kó kúnlẹ̀ díẹ̀, kó bèèrè bí wọ́n ṣe jí àti bí ará ilé ṣe wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Wọ́n kàn ń kà á sí i lọ́rùn láràárọ̀.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, ó ti rí nǹkan nínú kọ̀ǹpútà tó já a láyà. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ti pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ tí wọn ò san owó tó yẹ kí wọ́n san. Fún ẹni tí ò mọ iṣẹ́ wa, 30 ọjọ́ yẹn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ewu wà, tó bá wá lé ní 90 ọjọ́, ìlànà BCEAO, báńkì àgbà tó ń ṣàkóso owó fáráńkì wa, sọ pé a gbọ́dọ̀ ka gbèsè yẹn mọ́ àwọn tó ti bà jẹ́, ká sì máa yọ owó sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Nítorí náà ẹgbẹ́ mọ́kànlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ọmọ náà ò ṣì í. Ohun tó fi ṣe ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó gbé orúkọ ẹgbẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí WhatsApp búrò, ó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, méje nínú ẹ̀ jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n, ó wá fi Fàránsé kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí kálukú ṣàlàyé tiẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Ṣẹ́fù wà nínú gúrúùpù yẹn. Kò sẹ́ni tó fèsì, àfi ẹnì kan tó fi àtàǹpàkò sí i.

Mo bi í pé kí ló rò nígbà tí wọ́n dákẹ́. Ó ní òun rò pé wọ́n mọ ẹ̀bi wọn ni. Ẹ wò ó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tí ò tíì mọ̀ ẹ́, o ò lè mọ ohun tó ń sọ, kódà àwọn tó ti jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ́ máa ń ṣì í gbọ́. Ó mú un bí ẹ̀rí, ó lọ síwájú. Ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ mọ́kànlá náà, lédè Fàránsé, ó fún òṣìṣẹ́ kíréédì tó kéré jù pé kó lọ pín in. Ọmọ yẹn pín in.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyá ẹgbẹ́ kan wá sí búrò pẹ̀lú obìnrin mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń dáko àgbàdo ni, wọ́n sì wà lára àwọn tó ti pẹ́ jù pẹ̀lú búrò. Wọn ò pariwo. Wọ́n fi lẹ́tà sórí kéèsì, ìyá náà ní àwọn ò mọ ìwé kà, ọmọ àwọn ló kà á fáwọn, ọmọ àwọn ló sì gbọ́ pé wọ́n pe ìyá òun ní ajẹgbèsè. Ó ní kí wọ́n ka owó ìfipamọ́ àwọn jáde. Ọmọbìnrin yìí jáde, ó ń fi Yorùbá Àjàṣẹ́ ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹtírà sọ, ìyá náà ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n wà lágbàlá, ó ń nu alùpùpù ẹ̀, kò gbẹ́nu sọ́rọ̀. Tàǹtí ló bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi padà sílé lọ́jọ́ yẹn láìka owó.

Kí ló fà á tí wọn ò fi san? Gbogbo ẹni tó bá ti dáko rí ní ìhà gúúsù Benin mọ ìdáhùn. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, àwọn èèyàn á gbin àgbàdo, oṣù keje sí ìkẹjọ ni wọ́n máa kórè. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà yẹn, owó wà nínú ilẹ̀, oúnjẹ inú àká ti ń tán, àgbàdo tó kù lọ́jà sì wọ́n. Kíréédì ti búrò wá ní kí wọ́n máa san iye kan náà lóṣooṣù, bíi pé olówó oṣù ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti bá àwọn ẹgbẹ́ alágbàdo ṣe àdéhùn ẹnu, pé èlé nìkan ni kí wọ́n máa mú wá títí ìkórè, lẹ́yìn ìkórè kí wọ́n wá san olórí owó tó ṣẹ́ kù papọ̀. Wọ́n sì máa ń san án. Gbogbo ẹ̀ ló kọ sílẹ̀, orúkọ, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n fẹnu kò. Inú àwọn ìwé tó wà nínú páálí ló wà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ń kọ lẹ́tà.

Ṣẹ́fù ti gbìyànjú nǹkan kan kí wọ́n tó pè mí. Ó ní kí ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì níwájú gbogbo èèyàn ní ìpàdé ọjọ́ Ajé. Ó tọrọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní "kò sí wàhálà", àwọn tó kù ní "kò sí wàhálà", ipò ọ̀hún sì tún burú sí i, torí láti ọjọ́ yẹn wọn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ju ohun tí iṣẹ́ bá fà lọ. Kí nìdí? Àforíjì yẹn dá lórí lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kọ́ ló ń dùn wọ́n jù. Ìbẹ̀rù wọn ò yí padà, wọn ò tíì mọ ohun tó wá ṣe. Lójú tèmi, kí èèyàn máa tọrọ àforíjì ní gbangba lórí nǹkan tí ò tíì yé e dáadáa, kì í wo ọgbẹ́ kankan sàn, ńṣe ló ń fi ìdérí bo ìkòkò tó ń hó.

Nígbà tí mo dé, mo bá kálukú jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran. Àmọ́ àwa onílé náà ò mú un lọ́wọ́ yí ilé ká." Ó ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú, ó ń fi owó ara ẹ̀ ra àkàrà fún òun láàárọ̀, kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbí ni. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún un. Ó ní kò bi òun. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni mo ní kí ọmọbìnrin náà lọ bi í. Ó lọ, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ́, bàbá yẹn sì sọ ohun gbogbo fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, irú ẹni tí kálukú jẹ́, ẹni tí wọ́n ń kí lórí ìkúnlẹ̀ àti ẹni tí ò fẹ́ ìyẹn, ìdí tí Tàǹtí kì í fi í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kó tó ka owó àárọ̀ tán.

Èkejì, mo ní kí ṣẹ́fù sọ ohun tí kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò rọrùn fún un, ó rò pé gbogbo wọn ti mọ̀. Ó wá kó wọn jọ, lédè Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣàlàyé ìdí tí ipò yìí fi wà, pé gbogbo búrò ló kàn, pé kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó máa bọ́, ó sì sọ ibi tí iṣẹ́ ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò ní kó sọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n níwájú gbogbo wọn fún iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí ba, ó ní ọpẹ́ dáa, ṣùgbọ́n ì bá dáa jù ká ní wọ́n bi òun kí wọ́n tó gba èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ló yí nǹkan padà jù. Ọmọbìnrin yìí gbé páálí yẹn fún Ẹ̀gbọ́n, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó bá òun kà á, àti pé kó jẹ́ kóun máa jókòó sẹ́yìn alùpùpù ẹ̀ tó bá ń lọ sí abúlé. A ti jọ sọ̀rọ̀ lórí irú ìbéèrè tó máa bi í. Tó bá ní "kí ló dé tẹ́ ò tẹ̀ lé kọ̀ǹtírà", Ẹ̀gbọ́n á máa gbèjà ara ẹ̀ ni. Tó bá ní "ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ èyí, kí lẹ kọ́kọ́ dán wò tí ò ṣiṣẹ́", á di ìtàn. Ó sì di ìtàn lóòótọ́. Lójú ọ̀nà Idigny ló ti gbọ́ pé ọdún kan wà tí Ẹ̀gbọ́n fi agbára gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan nínú oṣù kẹfà. Wọ́n san án pé pérépéré. Olówó èlé lọ́jà ni wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tí ìkórè dé gbogbo àgbàdo lọ sọ́dọ̀ onítọ̀hún, ẹgbẹ́ tú ká, búrò pàdánù gbogbo wọn. Àdéhùn ẹnu tó dà bí ìwà àìbìkítà nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí iná ti jó ọkùnrin yìí rí ló ti wá.

Wọ́n ka ìwé náà pọ̀. Nínú ẹgbẹ́ mọ́kànlá, mẹ́jọ ló ní àdéhùn ìkórè. Mẹ́ta ò ní. Nínú mẹ́ta yẹn ọ̀kan jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀, ó gbà pé ìyá ẹgbẹ́ náà ń ṣàìsàn, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ti rí i nínú kọ̀ǹpútà pé ìyá náà kó gbogbo owó ìfipamọ́ tiẹ̀ jáde lóṣù kẹrin, ìyẹn sì ń kọ ọ́ lóminú. Nígbà tí wọ́n wádìí, ó ti kó lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà pẹ̀lú owó táwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá fún un pé kó wá san.

Ibí lọ̀rọ̀ ti lè bàjẹ́ pátápátá. Ó rí àṣìṣe ẹni tó jù ú lọ, àsìkò ìdánwò ẹ̀ sì ti ń parí lọ, ká ní ó gbé e sórí WhatsApp tàbí ó lọ bá ṣẹ́fù, á gba ìyìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo sì sọ fún un pé kó má ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ló lọ bá nílé, ó fi hàn án, ó ní "ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é, àmọ́ ṣẹ́fù gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé." Ó fún un láyè, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì ní ọmọ yìí ló rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe orúkọ ọmọbìnrin náà ní búrò yẹn, tẹ́lẹ̀ "ará Kútọnù" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ará Kútọnù.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti jọ kọ ìlànà ìsanwó tuntun fún àwọn ẹgbẹ́ alágbàdo, èlé nìkan kí ìkórè tó dé, olórí owó lẹ́yìn ìkórè, wọ́n fi ránṣẹ́ sókè, wọ́n sì gbà á. Ohun tó wà nínú ìwé Ẹ̀gbọ́n ti wà nínú kọ̀ǹtírà báyìí, tí Ẹ̀gbọ́n bá lọ fẹ̀yìn tì lọ́la, kò ní bá a lọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló san lẹ́yìn ìkórè. Ẹgbẹ́ ìyá tó wá fi lẹ́tà sórí kéèsì san tiẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ó kó owó ìfipamọ́ ẹ̀ jáde, kò padà wá mọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Àsìkò ìdánwò ọmọbìnrin náà parí dáadáa. Tàǹtí ní tiẹ̀ ṣì ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó díẹ̀díẹ̀, mi ò ní purọ́ pé gbogbo ẹ̀ ti dùn.

Àwọn kan máa ń gba ẹni tuntun nímọ̀ràn pé kó pa ẹnu mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ká ní ọmọ yìí dákẹ́, owó ẹgbẹ́ tó lọ sí Ìmẹ̀kọ ò bá má hàn kíákíá. Ohun tó yẹ kó yẹra fún ni kó dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ìtàn, àti kó máa fi orúkọ àwọn èèyàn síwájú ọ̀gá wọn lálẹ́. Tó bá jẹ́ owó tàbí ìlera ẹnìkan ló wà nínú ewu, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá rí i, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tó kàn. Èyí tó kù lè dúró kó tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Apá tó wúwo jù, orí ṣẹ́fù ló wà. Ẹ má fi gbólóhùn méjì gba èèyàn wọlé kẹ́ ẹ wá rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ ohun tí ipò náà jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe, lédè tí Bàbá ọlọ́dẹ náà á gbọ́, kí ẹni tuntun tó dé rárá. Ẹ yan ẹnì kan tá máa mú un yí ilé ká. Kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ máa wò nínú àsìkò ìdánwò fún un, torí ọmọ yìí rò pé iye gbèsè tóun bá gbà wọlé ni wọ́n máa fi wọn òun, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oṣù àkọ́kọ́ wà fún kó mọ àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá ipò tuntun sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìní oyè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ owó náà ni mò ń wí, kì í ṣe ọpẹ́ nìkan.

Ti Ẹ̀gbọ́n ò tíì yanjú ní tiẹ̀. Ṣẹ́fù ti kọ lẹ́tà sí Kútọnù pé kí wọ́n fún un ní oyè olùdarí àwọn òṣìṣẹ́ kíréédì, pẹ̀lú owó tó bá a mu, ọmọbìnrin yẹn náà fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò tí wọ́n bá ń ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀. A ṣì ń bèèrè.